Ọmọ Māori tí kò mọ igbó: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ fíìmù kan láti New Zealand

Fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jáde ní New Zealand ní ọdún 2016. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, torí kì í ṣe òkìkí wọn ni mo fẹ́ kí àwa tí à ń kọ eré, tí à ń yan òṣèré, tí a sì ń darí fíìmù gbé yẹ̀ wò. Àwọn ìpinnu tí wọ́n ṣe ni. Ẹni tó bá ti wò ó yóò tètè dá a mọ̀. Ẹni tí kò tíì wò ó náà yóò rí nǹkan mú lò níbẹ̀.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ọmọkùnrin kan ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, tí ìjọba ti gbé láti ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn títí kò fi fẹ́ẹ̀ sí ẹni tó tún fẹ́ gbà á mọ́. Wọ́n wá gbé e lọ sọ́dọ̀ tọkọtaya àgbàlagbà kan tó ń gbé lóko, létí igbó. Ìyàwó fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Ọkọ ò tilẹ̀ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Bí ara ọmọ ṣe ń balẹ̀ bọ̀ ni ìyá kú lójijì, ìjọba sì kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá gba ọmọ padà. Ọmọ sá wọgbó. Bàbá wá a lọ, ó sì rí i, àmọ́ ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe níbẹ̀, wọn ò sì lè tètè jáde. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti kéde káàkiri orílẹ̀-èdè pé bàbá jí ọmọ gbé. Bí àwọn méjèèjì ṣe di ìsáǹsá nìyẹn, tí wọ́n ń jẹ ẹran ìgbẹ́, tí wọ́n ń sùn sábẹ́ igi, tí ọlọ́pàá ń lé wọn kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọmọ yìí, Māori ni, ìran àwọn onílẹ̀ tó ti wà ní New Zealand kí òyìnbó tó dé. Bàbá, òyìnbó ni.

Ká tó dé orí ohun tí wọ́n ṣe, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n bá nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí fíìmù ìdílé tó dá lórí ìgbé ayé nínú igbó ti ní bátànì tirẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú rẹ̀: ìdílé òyìnbó kan kó kúrò nílùú ńlá, wọ́n lọ kọ́ ilé onígi sórí òkè, béárì àti yìnyín dojú kọ wọ́n, ìfẹ́ ìdílé sì borí. Ọmọ onílẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀. Tó bá wà, yálà kó jẹ́ ewu, tàbí kó jẹ́ amọ̀nà tó mọ igbó bí ẹni pé wọ́n bí ìmọ̀ náà mọ́ ọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó gba òyìnbó là lọ. Fíìmù kan wà tí wọ́n yà ní Australia, tó jáde ní 1971: ọmọ òyìnbó méjì sọnù sínú aṣálẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin Aborigine kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń wá omi fún wọn, ó ń pa ẹran fún wọn jẹ. Kí fíìmù náà tó parí, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti kú, àwọn tó gbà là sì ti padà sílé. Fíìmù tó lẹ́wà ni, mi ò lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ilẹ̀ ni kò bá ìtàn dé òpin.

Ohun kejì tí wọ́n bá nílẹ̀ wúwo ju ti fíìmù lọ. Àwọn Māori ò ju bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́fà lọ ní New Zealand, síbẹ̀ ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba tó jẹ́ ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1988, ìgbìmọ̀ kan gbé ìwé àbọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pūao-te-Ata-Tū jáde, ó sì sọ ọ́ láìfi bò pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọ inú ọ̀nà tí ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdílé ń gbà ṣiṣẹ́. Òfin tuntun tẹ̀ lé e ní 1989, tó ní kí wọ́n máa pe mọ̀lẹ́bí jókòó kí wọ́n tó pinnu lórí ọmọ wọn. Àwọn Māori fúnra wọn ní àṣà whāngai, kí ọmọ lọ dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó já okùn tó so ó mọ́ àwọn tó bí i. Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò nílò àlàyé. Kí ìjọba wá gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó gbé e fún àjèjì lórí fọ́ọ̀mù, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọmọ Māori sínú mọ́tò ìjọba ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ fíìmù ti mú ẹrù gbogbo èyí lérí, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o.

Inú ìwé kan ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Òyìnbó tó kọ ọ́ ní 1986 ti fìgbà kan rí ṣe iṣẹ́ ọdẹ àgbọ̀nrín fún ìjọba; ó mọ igbó dáadáa, ìfẹ́ tó ní sí i sì hàn nínú ìwé náà. Te Urewera, ilẹ̀ onígbó ti àwọn Tūhoe, ẹ̀yà kan lára Māori, ló gbé ìtàn rẹ̀ sí. Olùdarí tó fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù jẹ́ Māori láti ìhà bàbá rẹ̀. Ní nǹkan bí 2005 ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eré. Èyí tó kọ nígbà yẹn tẹ̀ lé ìwé náà pẹ́kípẹ́kí, ó wúwo, ó kún fún ìbànújẹ́, irú èyí tí àwọn àjọ̀dún fíìmù fẹ́ràn. Ó gbé e tì. Ó lọ ṣe fíìmù mìíràn, lára wọn ni èyí tó jáde ní 2010 nípa ọmọkùnrin Māori kan ní etíkun ìlà-oòrùn tó ń retí bàbá rẹ̀. Fíìmù yẹn pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ó sì dùn wọ́n lọ́kàn, àwọn ará ilé sì rọ́ lọ wò ó ju bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù ilẹ̀ wọn lọ.

Nígbà tó padà sórí iṣẹ́ ọjọ́sí, ó ti yí ọkàn padà. Ó sọ ọ́ di ìtàn ìlépa, ó sọ ọ́ di apanilẹ́rìn-ín, ó sì yọ ìparí kíkorò tó wà nínú ìwé kúrò. Lójú tèmi, ibi ìyípadà àkọ́kọ́ nìyí, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé torí owó ló ṣe fi ẹ̀rín sí i. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rín ṣe fún ọmọ náà. Ọmọ tálákà, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ tí kò lóbìí: ẹkún ni a fi ń sọ ìtàn irú wọn. Ẹni tó ń wò ó á káàánú, á nu ojú, á lọ sùn. Nínú fíìmù yìí, ọmọ náà ló ń dápàárá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló yára ju ti gbogbo àgbàlagbà lọ. Àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọ ti kọ́ ọ pé kó máa fi ewì kúkurú onílà mẹ́ta ti àwọn ará Japan sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì ń kà wọ́n síta nínú igbó, lójú bàbá tó ń yáná, pẹ̀lú ìgboyà akéwì. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kò parẹ́. Ó wà níbẹ̀, pàápàá nígbà tó bá dárúkọ ọmọbìnrin kan tó kú sílé alágbàtọ́ níbi tó ti gbé rí, gbólóhùn díẹ̀ péré. Ṣùgbọ́n òun ló pinnu ìgbà tí yóò sọ ọ́ àti iye tí yóò sọ.

Yíyan òṣèré ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Olùdarí náà ti mọ ọmọ tó yàn láti 2013, nígbà tí wọ́n jọ ya ìpolówó ààbò ojú pópó kan tó kìlọ̀ fún àwọn tó ń mu igbó wakọ̀. Ọmọ tó sanra ni, ọmọ tó ń wọ fìlà àti aṣọ olórin ráàpù, ọmọ ìlú pọ́nńbélé. Nínú ìtàn, ní alẹ́ àkọ́kọ́ tó dé oko, ó sá lọ. Ilẹ̀ mọ́, ibi tó dé kò jìnnà sílé rárá, ìyá sì pè é wá jẹun kó tó tún máa sá lọ. Kò mọ iná dá. Kò mọ èwo ni jíjẹ nínú ewé. Ó sọnù.

Ẹni tó mọ igbó ni bàbá òyìnbó. Kì í sì í ṣe pé wọ́n bí i mọ́ ọn, ó kọ́ ọ ni, ọdún púpọ̀ ló sì fi kọ́ ọ. Ọmọ náà wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìjákulẹ̀ àti àríyànjiyàn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á sọ pé ìyẹn burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: òyìnbó ló wá ń kọ́ ọmọ onílẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì yẹ kí ó máa yọ ẹni tó ń kọ eré lẹ́nu. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí bàbá kò ní. Bàbá kò mọ̀wé kà. Ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ kiri nípa òun fúnra rẹ̀, ọmọ ló ń kà á fún un. Ọmọ ló mọ bí ayé tó ń lé wọn ṣe ń ronú, torí ọwọ́ ìjọba ló ti dàgbà. Bàbá mọ igbó, ọmọ mọ ìjọba, kò sì sí èyí tó lè là á já láìsí èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe lè rò lọ. Láti àwọn ọdún 1950 ni ọ̀pọ̀ òbí láti Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ti ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó ní England nígbà tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lóru. Àwọn ọmọ yẹn dàgbà láìgbọ́ Yorùbá, wọ́n padà sílé, a sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín nítorí pé wọn ò mọ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, bí ẹni pé ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti kọ́ wọn. Fíìmù tó fi ọmọ Māori tí kò mọ igbó hàn láìfi ìyẹn gàn án ṣe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Kò sí ibì kankan tí fíìmù náà ti sọ pé ọmọ yìí kò tó Māori.

Ìpinnu kan tún wà tó gbé gbogbo ìyókù dúró: ọmọ náà nìkan kọ́ ni Māori tó wà níbẹ̀. Òṣèré tó ṣe ìyá alágbàtọ́, ọmọ bàbá Māori ni, òun ló sì fi oúnjẹ àti orin ọjọ́ ìbí sọ ọmọ náà di ọmọ ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lé wọn, obìnrin Māori ló ṣe é: alágídí, aláriwo, ẹni tó ń tún gbólóhùn ìjọba kan náà sọ ṣáá títí tí kò fi ní ìtumọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan wà tó ń gun ẹṣin, tó gbé ọmọ náà lọ sílé wọn fún un ní oúnjẹ, tó mọ ọ̀nà, tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bàbá ọmọbìnrin yẹn gọ̀ díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé olókìkí dé ilé òun, ó ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ yọ gbogbo àwọn tó kù, kẹ́ ẹ fi òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn nìkan sílẹ̀. Ó di èébú. Ẹ fi ọmọbìnrin ẹlẹ́ṣin nìkan sílẹ̀, ó di ère tí a gbé sórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pọ̀, oníkálukú ní ààyè láti jẹ́ ènìyàn, kó burú, kó dára, kó gọ̀, kó lọ́gbọ́n, láìsí pé ẹnì kan ru orúkọ gbogbo ìran rẹ̀ lórí.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé yíyan obìnrin Māori fún ipò òṣìṣẹ́ ìjọba tó le yẹn gba ìgboyà. Ó rọrùn láti fi òyìnbó kan síbẹ̀, kí ibi dúró sí apá kan, kí ire dúró sí apá kejì. Àmọ́ ìwé àbọ̀ 1988 ti sọ pé ọ̀nà tí ẹ̀ka náà ń gbà ṣiṣẹ́ ló lárùn. Ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn, ohunkóhun tí àwọ̀ rẹ̀ ìbáà jẹ́, á máa ṣe bí àga ṣe ní kó ṣe. Fíìmù ẹlẹ́rìn-ín gbé òtítọ́ yìí yọ láìdá ẹnikẹ́ni dúró láti wàásù.

Nípa igbó fúnra rẹ̀, wọ́n ṣe ohun kan dáadáa, wọ́n sì fi ohun kan sílẹ̀. Èyí tó dára ni ẹyẹ huia. Nínú ìtàn, bàbá àti ọmọ rí ẹyẹ yìí, tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó ti kú tán. Ọdún 1907 ni ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n rí i tó dájú. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀, dúdú tó ní funfun lórí, àwọn ìjòyè Māori ló ń fi í sórí. Nígbà tí ọmọ ọba England ṣe àbẹ̀wò ní 1901, tí wọ́n fi ìyẹ́ kan sára fìlà rẹ̀, gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú rẹ̀, owó orí ẹyẹ náà fò sókè, ìparun rẹ̀ sì yára. Nítorí náà, bí ẹyẹ yẹn ṣe hàn nínú fíìmù, igbó náà kì í ṣe ibi òfìfo mọ́. Ó ní ìtàn, ó ní ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ni pé wọn ò sọ igbó ta ni. Te Urewera tó wà nínú ìwé, ìjọba sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1954. Ní 2014, òfin kan fòpin sí ìyẹn, ó kéde pé ilẹ̀ náà jẹ́ ẹni tó dá dúró lábẹ́ òfin, ìgbìmọ̀ tí àwọn Tūhoe wà nínú rẹ̀ sì ń ṣe alábòójútó rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2007, ọlọ́pàá pẹ̀lú ìbọn dí ọ̀nà abúlé Rūātoki ní ilẹ̀ Tūhoe, wọ́n dá ìdílé dúró nínú mọ́tò tọmọtọmọ. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò padà sọ ní 2013 pé dídí ọ̀nà náà lòdì sófin, ọ̀gá ọlọ́pàá sì lọ tọrọ àforíjì ní 2014. Ní ọdún kejì ni wọ́n ya fíìmù tó fi ọlọ́pàá oníbọn hàn tí wọ́n ń lé ọmọ Māori nínú igbó. Àwọn tó wò ó nílé mọ ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn tó wò ó nílẹ̀ òkèèrè rí eré ìlépa lásán. Àwọn igbó Waitākere nítòsí Auckland àti òkè àárín erékùṣù àríwá ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí gbólóhùn kan tó so ilẹ̀ mọ́ ẹni tó ni ín. Barry Barclay, olùdarí Māori tó kú ní 2008, máa ń sọ pé ìtàn yàtọ̀ bí kámẹ́rà bá wà lórí ọkọ̀ òyìnbó tó ń gúnlẹ̀ àti bó bá wà létíkun lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ọkọ̀ náà bọ̀. Nípa ènìyàn, kámẹ́rà fíìmù yìí wà létíkun. Nípa ilẹ̀, kò fi gbogbo ìgbà wà níbẹ̀.

Àbùkù kejì ni ikú ìyá. Obìnrin tó gbámúṣé jù nínú ìtàn kú kó tó pẹ́, kí ọkùnrin méjì lè rí ìdí wọgbó. Ìwé ló fi lé wọn lọ́wọ́, òótọ́ ni, àmọ́ ìwé kan náà ni wọ́n yí ìparí rẹ̀ padà.

Àbùkù kẹta ló ń dùn mí jù. Àwọn ọdẹ mẹ́ta kan pàdé wọn, ọmọ náà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lọ́nà tó mú kí wọ́n rò pé bàbá ń bá a ṣe ìṣekúṣe. Wọ́n fi ṣe ẹ̀rín, wọ́n sì tún padà sí i. Ní 2018, New Zealand gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí ńlá kan kalẹ̀ lórí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba àti ti ìjọ. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Agẹmọ 2024: nínú nǹkan bí 655,000 ènìyàn tó gba abẹ́ ìtọ́jú yẹn kọjá láàárín 1950 sí 2019, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 200,000 ni wọ́n hùwà ìkà sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ fún ẹnì kan nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí ẹni náà kò gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀rín tó dá lórí pé ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, inú irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ló ti wá. Mi ò gbàgbọ́ pé wọ́n ní èrò búburú. Mo gbàgbọ́ pé wọ́n ti fara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ ìran ọmọ náà jinlẹ̀ débi pé wọn ò ro ọ̀rọ̀ ipò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Māori ni lójú wọn ní gbogbo ìgbà. Ọmọ abẹ́ ìtọ́jú ìjọba, ó di ẹni ìgbàgbé ní ìran yẹn.

Fíìmù náà gba ipò iwájú nínú gbogbo fíìmù New Zealand nípa owó tó wọlé nílé, ó lé fíìmù 2010 ti olùdarí kan náà kúrò níbẹ̀. Kò ná wọn lówó rẹpẹtẹ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi yà á. Mo sọ èyí fún àwọn olówó fíìmù wa tó ń sọ pé fífi ọ̀pọ̀ ìran sínú eré á lé àwọn òǹwòran lọ.

Fún àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí lédè Yorùbá, ohun tó ṣeé mú lò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò nílò igbó tàbí hẹlikópítà. Mẹ́gáàdì Hausa tó ń sọ Yorùbá wọ́n-wọ́n wà nínú fíìmù wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àgànyìn wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀, Ìgbìrà tó ń roko fún ọ̀gá wà níbẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní ká yọ wọ́n, a ó sọ pé ẹ̀rín ti tán. Ẹ má yọ wọ́n. Ẹ fi Hausa kejì sí i, dókítà tàbí alágbàtà màlúù tó ń gbọ́ Yorùbá já fáfá, àti ìyàwó mẹ́gáàdì tó mọ ohun tí ọkọ ò mọ̀. Ẹ fún mẹ́gáàdì fúnra rẹ̀ ní ohun kan tó mọ̀ tí ọ̀gá nílò, bí kíkà ìwé ṣe jẹ́ ti ọmọ yẹn. Ẹ óò rí i pé ẹ̀rín náà ń pọ̀ sí i, torí ẹni tí a ń fi rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ti ní ẹnu láti dáhùn.

Kí ẹ tó sì gbé kámẹ́rà, ẹ fún ẹni tó ti gbé irú ayé tí ẹ kọ ní ìwé eré náà kà. Ẹni tí ìran rẹ̀ bá ti ẹ̀dá ìtàn mu nìkan kò tó. Tó bá jẹ́ ọmọ alágbàtọ́ ló wà nínú eré, ẹni tó dàgbà sọ́wọ́ alágbàtọ́ ni kẹ́ ẹ pè. Tó bá jẹ́ arọ, arọ ni kẹ́ ẹ pè. Kí ó kà á nígbà tí ìwé eré ṣì ṣeé yí padà, kí ẹ sanwó fún un, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ nígbà tí fíìmù bá parí. Ibi tó bá dákẹ́ sí nígbà tí àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, ẹ bi í léèrè níbẹ̀.